Ahoro, Ìgbáwọ̀wọ̀ àti Àkúdàáyà: Bí a ó ṣe Dárúkọ Géèmù Ayé tí ó Parun

Àìsàn kan ń bá ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ jà ní èdè Yorùbá, òun sì ni pé ọ̀pọ̀ atúmọ̀ a máa fi àlàyé gígùn rọ́pò orúkọ. Bí ẹnìkan bá pe irú géèmù fídíò tí Fallout àti Borderlands jẹ́ ní ‘eré orí ẹ̀rọ tí a ti ń yìnbọn lẹ́yìn tí ayé bá ti dé òpin’, ó ti ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Felele, nílùú Lọ́kọ́jà, kò lè fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá síbi eré. Ọmọ Òwòrò tàbí ọmọ Okun tí ń gbé níbẹ̀ ń gbọ́ Nupé, Ígálà, Ẹbira àti Haúsá lójoojúmọ́, nítorí náà, bí Yorùbá rẹ̀ kò bá ní ọ̀rọ̀ tí ó yá lẹ́nu, èdè mìíràn ni yóò fi sọ ọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn kò yẹ kí ó gba àkókò. Géèmù, fídíò àti kọ̀ǹpútà ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí wàhálà àti àlàáfíà tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá ṣe di ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣáájú wọn. Ìpele ni ipò tí òṣèré ń gùn, ìrírí ni ohun tí ń gbé e gòkè, ìkógun sì ni ẹrù tí ó kó lára ọ̀tá tí ó ṣẹ́gun, èyí tí Borderlands, tí ilé-iṣẹ́ Gearbox ṣe, tí ó jáde lọ́dún 2009, fi ṣe ọ̀pómúléró eré rẹ̀. Eré ìyìnbọn náà tọ́, kò sì sí ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni orúkọ ayé inú eré náà. Fallout, tí ó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1997, gbé ìtàn rẹ̀ ka Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun àdó olóró runlé-rùnnà. Ènìyàn ṣẹ́kù, wọ́n ń ṣòwò, ìdérí ìgò sì ni owó tí wọ́n ń ná. ‘Òpin ayé’ kò bá èyí mu, nítorí pé ayé tí ó bá ti pin kò ní ọjà mọ́. Bí a bá sì ní kí a tú apokálypsis, gbòǹgbò Gíríìkì tí Gẹ̀ẹ́sì yá lò, ṣíṣí ìbòjú kúrò lára ohun tí ó pamọ́ ni a ó bá níbẹ̀, àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pe ìwé tí ó kẹ́yìn rẹ̀ ní Ìfihàn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ orúkọ ìwé di orúkọ ìparun. Yorùbá kò ní ìdí láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ahoro ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Aginjù lè jẹ́ ibi tí ènìyàn kò gbé rí, ṣùgbọ́n ahoro gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn ti gbé kí ogun tàbí àjálù tó lé wọn. Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọ̀rúndún yẹn kan náà, ogun Nupé mú kí ọ̀pọ̀ ará Okun fi ilé sílẹ̀ sá gun òkè, kí ọmọ ogun Royal Niger Company tó gbéra láti Lọ́kọ́jà lọ́dún 1897 lọ ṣẹ́gun Bídá, olú-ìlú àwọn Nupé náà. Èdè tí ojú rẹ̀ ti rí èyí kò ní láti tọrọ ọ̀rọ̀ ìparun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti eré tí òṣèré ti ń di ẹlòmíràn, ‘eré akópa’ kò tó, nítorí pé ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù náà kópa. Yorùbá a máa sọ pé ènìyàn gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘ì’ kún ‘gbé àwọ̀ wọ̀’, ìgbáwọ̀wọ̀ ni yóò jáde. Nínú ìgbéyàwó, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ orúkọ ni a pa jẹ. Nínú ìgbáwọ̀wọ̀, ti ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Òfin ìpàrójẹ sì gba méjèèjì láàyè. Agbáwọ̀wọ̀ ni ẹni tí ń ṣe é.

Ẹ̀rín inú eré wọ̀nyí náà ń fẹ́ ìyàtọ̀. Àwàdà ni ti Claptrap, rọ́bọ́ọ̀tì aláròyé inú Borderlands. Ti Fallout, níbi tí àwòrán ọmọkùnrin kan ti ń rẹ́rìn-ín polówó ihò ààbò fún àwọn tí iná fẹ́ jó, ẹ̀fẹ̀ ni, nítorí pé ẹ̀fẹ̀ a máa báni wí, gẹ́gẹ́ bí akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ń fi í bá ọ̀bàyéjẹ́ wí lóru ní Kétu.

Èyí tí ó gba làákàyè jù ni pípadà tí òṣèré ń padà lẹ́yìn ikú. Àjíǹde ti di ti ìsìn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó sì ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó tún ayé wá, ọmọ ọwọ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Àkúdàáyà nìkan ni ó ń kú, tí a sì ń rí i níbòmíràn pẹ̀lú ara àgbà àti ọgbọ́n tí ó ti ní, tí ó ń ṣòwò tí ó sì ń náwó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Borderlands ṣe gbé òṣèré dìde níbòmíràn tí kì í ṣe ibi tí ó kú sí, pẹ̀lú ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn tí a ti yọ díẹ̀ lára owó rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé àkúdàáyà a máa sá fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí a gbé wọ iṣẹ́ tuntun tí kì í fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú Èdè-Ìperí Yorùbá, àwọn onímọ̀ jókòó pọ̀ láti fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀. Ó yẹ kí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wà fún géèmù, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi í ṣeré sì wà níbẹ̀, kí a lè gbé eré ahoro, ìgbáwọ̀wọ̀ àti àkúdàáyà ka iwájú wọn, kí ẹnu wọn sì dán an wò.