Ta Ló Gba Yorùbá Lẹ́nu Dókítà?

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé fíìmù 93 Days sí tẹlifíṣọ̀n fún ìyá àgbà kan tá a jọ ń gbé ní Vickery Meadow, níbí ní Dallas. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n. Wọ́n wá bá ọmọ wọn wẹ ọmọ, ni wọ́n bá kúkú jókòó. Èmi tí mò ń kọ̀wé nípa fíìmù láti ọjọ́ pípẹ́ jókòó tì wọ́n, mò ń retí ohun tí wọ́n máa sọ. Nígbà tá a wò ó dé ìdajì, wọ́n ní: "Ó dáa o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣebí Èkó la wà yìí? Ta ló gba Yorùbá lẹ́nu dókítà yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì rí èsì kan fún wọn. Àtìgbà yẹn ni ìbéèrè náà ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí.

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí fíìmù yìí fi kan àdúgbò wa. Vickery Meadow ò jìnnà sí NorthPark, ilé ìtajà ńlá táwọn olówó ti ń ra bàtà. Àmọ́ ilé àyágbé ló kún ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn sì pọ̀ nínú wa: ará Bọ́mà, ará Kóńgò, ará Sòmálíà, ará Ẹtiópíà. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni Thomas Eric Duncan, ọmọ Làìbéríà, dé sí Dallas, ó sì wọ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé yìí. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, ó lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ 25. Ó sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà lòun ti ń bọ̀. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ 28, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ló gbé e padà. Ẹ̀bólà ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bá àrùn náà lára rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹwàá. Nọ́ọ̀sì méjì tó tọ́jú rẹ̀ kó o, àmọ́ orí yọ wọ́n. Láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, ojú táwọn èèyàn fi ń wo ará Vickery Meadow yí padà pátápátá.

Oṣù méjì gééré ṣáájú, lọ́jọ́ 20 oṣù Keje, irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Patrick Sawyer, ọmọ Làìbéríà tó ti di ará Amẹ́ríkà, gbé àìsàn náà sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants l'Óbáléndé. Àwọn kan ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀. Òun náà kó o, ó sì kú lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú. Nínú ìlú tó kún bí Èkó, ẹ rò ó wò bí ì bá ṣe rí ká ní ó jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá, WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ẹ kà á láti ọjọ́ tí Sawyer dé: ọjọ́ 93 ni.

Lọ́dún 2016, Steve Gukas gbé fíìmù náà jáde. Bimbo Akintola ṣe Adadevoh. Danny Glover wá láti Amẹ́ríkà wá ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn. Wọ́n fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Toronto lọ́dún yẹn, nígbà tí Èkó jẹ́ àlejò pàtàkì níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà inú ẹ̀, ẹ̀rù náà hàn lójú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń padà síbi iṣẹ́. Òyìnbó wà ńbẹ̀ o, àmọ́ onílé ló tilẹ̀kùn mọ́ àrùn.

Ìbéèrè ìyá ṣì wà nílẹ̀ ṣá. Àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay ni dókítà yìí, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló sì bí Macaulay. Crowther yìí ló tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843. Tí fíìmù bá wá sọ ìtàn ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló gba inú ẹ̀ kan, ó yẹ ká béèrè ìdí.

Ẹ wo àwọn fíìmù olówó ńlá tó jáde ní Yorùbá láìpẹ́ yìí: Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan àti Ẹlẹ́ṣin Ọba ti Bíyí Bándélé (2022), Jagun Jagun (2023), House of Ga'a àti Lísàbí (2024). Mo wo gbogbo wọn, mo sì gbádùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aṣọ dára, ìlù ń dún, oríkì ń já geere. Àmọ́ ààfin àti ogun la ṣáà ń bá níbẹ̀. Tó bá ti kan ilé ìwòsàn, báǹkì àti kọ́ọ̀tù, owó ńlá sábà máa ń yà sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá dà bí ẹni pé Yorùbá lè dé adé, kò lè wọ yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. Àwọn fíìmù kéékèèké orí YouTube kì í sá fún wọ́ọ̀dù. Owó ni wọn ò ní.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ látijọ́. Nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé eré Yorùbá Ronú síta lọ́dún 1964, ìjà òṣèlú ìgbà yẹn gan-an ló ń sọ, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fòfin dè é. Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí lọ́dún 1976, tí Adé Afọláyan, bàbá Kúnlé, ṣe nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí alágbára gbà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ló dá lé. Túndé Kèlání gbé Saworoidẹ wọ ààfin lọ́dún 1999, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé ìjọba ológun ló ń bá wí. Ohun tó ń dun àwọn àgbà yìí lójú ayé wọn ni wọ́n fi Yorùbá sọ.

Ẹlòmíì á ní: "Gẹ̀ẹ́sì kúkú ni dókítà ń sọ l'Ékòó." Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà fi ń kọ orúkọ àìsàn. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ bẹ arúgbó pé kó jẹun díẹ̀, tó bá fẹ́ pe ìyá ẹ̀ pé òun ò ní lè wálé lálẹ́ yìí, èdè míì ló máa ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù ti ń wọni lára. Ẹni tó wà ní Toronto á ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, bí àwa náà ṣe ń kà á nínú fíìmù àwọn ará Kòríà.

My Father's Shadow ti Akinola Davies Jr. ti fi hàn pé ó ṣe é ṣe. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí àjọ̀dún Cannes mú sínú àkójọ pàtàkì rẹ̀, lọ́dún 2025. Bàbá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wọ Èkó lóṣù Kẹfà ọdún 1993, nígbà tí ológun fagi lé ìbò. Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti píjìn ń wọnú ara wọn bó ṣe ń rí lẹ́nu wa. Kò sí ọba níbẹ̀, síbẹ̀ ìtàn ìlú ni.

Èyí tí mò ń retí báyìí ni fíìmù tó máa wọ irú ilé tí mò ń gbé yìí: àlejò tó sọ ibi tó ti wá, tí ọ̀rọ̀ náà ò dé etí tó yẹ, ìyá tó ń ní "inú ń run mí", tí nọ́ọ̀sì ò gbọ́. Mi ò bá ọba àti jagunjagun jà. Ṣùgbọ́n èdè tí a ò bá fi tọ́jú aláìsàn mọ́, aṣọ ọdún ló máa dà: a ó yọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, a ó tún ká a padà sínú àpótí.

Ìyá ti padà sí Ìbàdàn. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí lórí WhatsApp, wọ́n ní ṣé mo ti rí dókítà tó ń sọ Yorùbá. Mo ní mo ṣì ń wá a. Wọ́n ní kí n má sinmi.