Òrí, Ọṣẹ Dúdú àti Àléfọ́ Ọmọdé

Ní ọdún 1352, Ibn Battuta, ọmọ Mòrókò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé, la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wọ ilẹ̀ Málì. Lára ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni èso igi kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń fún òróró rẹ̀. Ó ní wọ́n ń fi í se oúnjẹ, wọ́n ń fi í tan fìtílà, wọ́n ń fi í para, wọ́n sì ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ògiri ilé. Igi òrí ni. Nígbà tí Mungo Park, ọmọ Scotland, dé ilẹ̀ Bàm̀bárà ní 1796, òun náà yin òrí: ó funfun, ó le, ó dùn ju bọ́tà wàrà màlúù lọ, ó sì ń lo ọdún kan gbáko láìfi iyọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ewéko fi orúkọ Park sọ igi náà. Àwọn obìnrin tí ó ń ṣe òrí ọ̀hún, kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí ìyá mi, ní Ṣakí. Igi òrí kì í ṣe igi tí à ń gbìn. Ó ń hù fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Ṣakí dé Kìṣí títí wọ Kàyámà, ó sì lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kùtùkùtù ni wọ́n ń lọ ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á jẹ ẹran ara rẹ̀, wọ́n á se kóró, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á pa á, wọ́n á gún un, wọ́n á yan án, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Iṣẹ́ tó ń pa apá ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Ìyá àgbà á da ohun dúdú náà sínú ọpọ́n ńlá, á máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, á máa fi ọwọ́ lù ú, títí dúdú á fi di eérú, tí eérú á sì di fífunfun tó ń léfòó. Á kó o, á fọ̀ ọ́, á gbé e kaná títí omi á fi gbẹ lára rẹ̀. Bó bá ti dì, ọmọ tuntun ilé ló kọ́kọ́ ń kàn.

Òrìṣà pàápàá ń gbà á, nítorí òrí wà lára ohun Ọbàtálá. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Cuba, tí òrí kò rọrùn láti rí, bọ́tà kòkó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nídìí Ọbàtálá, òrí ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Ọṣẹ dúdú náà wọ ọkọ̀ ojú omi dé Bahia ní Brazil; wọ́n ń tà á níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ọmọdé ni mí ní Ìbàdàn. Ọmọ tí mò ń rí jù ni èyí tí kò lè sùn lóru nítorí ara yíyún, tí inú ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ti nípọn nítorí híhọ. Àléfọ́ ni wọ́n ń pè é nílé wa. Àwọn dókítà awọ ara méjì, Wise àti Sulzberger, ní New York ló pè é ní atopic dermatitis ní 1933, nígbà tí wọ́n rí i pé ó máa ń bá ikọ́ fée rìn nínú ìdílé kan náà. Kì í ràn. Awọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dà bí ògiri alámọ̀ tí wọn kò rẹ́: omi ń jáde, eruku ń wọlé. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Dundee, ní Scotland, rí àbùkù àjogúnbá kan tó ń fà á, ṣùgbọ́n ara àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ sí ju tiwa lọ. Ìwé ìṣègùn àwọn òyìnbó ní àléfọ́ máa ń pọ́n. Lára ọmọ dúdú, ó lè dà bí eérú tàbí kó dúdú kirikiri, kó sú wínníwínní, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò ó bíi làpálàpá.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Òrí kò wo àléfọ́ sàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìyá àgbà ń fi í ṣe tọ̀nà: ó ń dá omi dúró sínú awọ. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọṣẹ dúdú, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lára àgbàlagbà. Eérú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń se é pẹ̀lú àdí. Omi eérú yẹn le. Ó ń bó ìdọ̀tí, ó sì ń bó ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù lára ọmọ aláléfọ́. Ká wá fi kànìnkànìn gbo ó mọ́ ọn, ìyà ni.

Ní 1952, Sulzberger yìí kan náà àti Witten, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kéde pé ìpara hydrocortisone, irú sítẹ́rọ́ìdì kan, ń mú ara rọlẹ̀. Oògùn gidi ni, bí dókítà bá wọ̀n ọ́n fúnni. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lónìí, tí sítẹ́rọ́ìdì líle wà nínú rẹ̀ láìsí àlàyé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ara á dán. Bó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, á máa ya, àléfọ́ á sì padà pẹ̀lú ìbínú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ọmọ aláléfọ́, kó má pẹ́ nínú omi. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ ara rẹ̀, ẹ má nù ún gbẹ; bí ó ṣe tutù yẹn ni kí ẹ fi òrí tí kò ní lọ́fíndà pa á, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ gé èékánná rẹ̀. Bí ojú àléfọ́ náà bá ń ṣomi tàbí tí ó ń tú, tàbí tí ibà wọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.