Ọjà Rere, Owó Gọbọi

Ẹ jẹ́ ká rántí Cisco, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, ṣíà rẹ̀ kan tó dọ́là 80. Mẹ̀kúnnù àtolówó ń rà. Àwọn mìíràn tiẹ̀ yáwó rà á. (Owó èlé! Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.) Bí iye bá ti já wálẹ̀, ẹni tó yá wọn lówó á ta ṣíà náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọjà ò yá mọ́ ní 2001, jìnnìjìnnì bò wọ́n, wọ́n ń sáré tà. Ní oṣù Kẹwàá 2002, bíi dọ́là 8 ló kù. Bẹ́ẹ̀ Cisco ò kú o, ó ń tajà títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ní 80, ó lé ní ogún ọdún kí iye náà tó padà.