Ọjọ́ tí Ọlọ́wọ̀ Kọ̀ láti Kí Bàbá Rẹ̀

Nínú ìtàn Ifá, Adó ni ilé Ọ̀rúnmìlà, àwọn àgbà Èkìtì sì gbà pé Adó-Èkìtì ni Adó náà. Odù Ìwòrì Méjì ló sọ ìdí tí Ọ̀rúnmìlà fi fi ayé sílẹ̀. Àfojúdi ọmọ rẹ̀ kan ni.

Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì di ọba. Alárá àti Ajerò wà nínú wọn, orúkọ oyè tí a ṣì ń jẹ títí di òní ní Arámọkọ àti Ìjerò. Ọlọ́wọ̀ ni àbíkẹ́yìn.

Nígbà tí bàbá ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń dé ni ó ń kí i ní àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Nígbà tí ó kan Ọlọ́wọ̀, ó dúró ṣánṣán, kò sọ nǹkan kan. Bàbá béèrè ìdí. Ọlọ́wọ̀ dáhùn pé bàbá mú ọ̀sùn idẹ lọ́wọ́, òun náà mú un. Bàbá wọ bàtà idẹ, òun náà wọ̀ ọ́. Bàbá dé adé, òun náà dé adé. Kí ló dé tí òun yóò fi tẹrí ba?

Ọlọ́wọ̀ kò parọ́: gbogbo ohun tí ó kà ni ó ní. Ṣùgbọ́n ìlara a máa ka ohun tí ó wà lára ẹlòmíràn, kì í ka ọ̀nà tí onítọ̀hún tọ̀ kí ó tó ní i. Ìgbéraga ló wá sọ kíkà náà di ọ̀tẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Inú bí Ọ̀rúnmìlà. Ó gba ọ̀sùn lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì gba ọ̀run lọ. Ayé dàrú: aboyún kò bí, àgàn kò lóyún, òjò kò rọ̀ mọ́. Ẹnìkan ló ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà náà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà ààfin. Ẹ̀kọ́ àwọn olórí nìyí: ìbínú wọn kì í mọ sí agbo ilé wọn nìkan.

Àwọn ọmọ tọ bàbá lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó padà. Kò padà. Ó fún wọn ní ikin 16, ó ní òun ni kí wọ́n máa bi léèrè. Láti ìgbà náà, kò sí awo tí ó lè sọ ara rẹ̀ di Ọ̀rúnmìlà. Ikin kan náà ni olúwo àti ọmọ awo ń bi. Ọmọ awo ń bọ̀wọ̀ fún olúwo nítorí ẹ̀kọ́ tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nítorí adé. Olúwo pẹ̀lú kò sì gbọ́dọ̀ gba ipò ikin.

Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé. Bí iyì ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìjà oyè lè máa pọ̀ láàárín awo. Nítorí náà, nígbà tí àwọn awo bá pàdé lọ́jọ́ ọdún ní Adó, tí wọ́n sì kí ara wọn ní àbọrú, àbọyè, kí olúkúlùkù rántí pé ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́wọ̀ kọ̀ láti sọ ni wọ́n ń sọ.