Ìyàtọ̀ Ìtumọ̀ láàárín Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó Jọra

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àjèjì lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹni tí a bí sínú èdè náà kì í fi ọ̀kan ṣe èkejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀nà kan ni wọ́n gbà wọlé. Ní ọdún 1066 ni William ará Normandy la òkun kọjá, tí ó ṣẹ́gun Harold ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Hastings, tí ó sì gorí ìtẹ́. Láti ìgbà náà ni Faransé ti di èdè ààfin, tí èdè àbáláyé kù sẹ́nu àgbẹ̀, nígbà tí Látìnì kò kúrò lọ́wọ́ àlùfáà. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sínú ìkòkò kan, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ mẹ́ta: “ask” ni ti tẹrú-tọmọ, “question” ti Faransé ti ní ìfura díẹ̀ nínú, “interrogate” ti Látìnì sì ni ti ọlọ́pàá tí ó jókòó ti afurasí.

Ìtàn tí ó dùn jù ni ti ẹran: pé “cow” ni màlúù nígbà tí ó ń jẹko lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, tí ó di “beef” nígbà tí ó dé iwájú ìjòyè Faransé. John Wallis ti sọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kí Walter Scott tó fi ìwé *Ivanhoe* tàn án kálẹ̀ ní òpin 1819. Kò yẹ kí a gbé e mì láìjẹ ẹ́. Pé Faransé ni ó bí “beef” kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n pé ìpínyà náà ti múlẹ̀ láti ayé William ni àwọn onímọ̀ kan kò gbà, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ṣì ń pe màlúù ààyè ní “beef”. Ó jọ pé díẹ̀díẹ̀ ni ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀.

Òfin “fewer” àti “less”, pé “fewer” ni ti ohun tí a lè kà, “less” ti èyí tí a kò lè kà, kò dàgbà tó bí àwọn olùkọ́ ti ń wí: Robert Baker ni ó dá a lábàá ní 1770, bí ohun tí ó wù ú, kì í ṣe bí àṣẹ. Hester Piozzi tẹ ìwé lórí ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọra jáde ní 1794, George Crabb ní 1816. Ìwé ti Roget ní 1852 kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ni, kò ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn.

Fún ọmọ Yorùbá, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni “borrow” àti “lend”, nítorí “yá” kan náà ni a ń lò fún olówó àti onígbèsè, tí ó jẹ́ “lọ́wọ́” ni ó ń fi ẹni tí owó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde hàn. Ṣùgbọ́n kò ní àwáwí lórí “steal” àti “rob”: ẹni tí ó jí ewúrẹ́ lóru kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó ja èrò lólè lójú ọ̀nà.