Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́dún Méjì àti Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Owó

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó gbà pé ẹni tí kò bá ti ilé-ẹ̀kọ́ gíráma bọ́ sí yunifásítì tààrà ti pàdánù. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn òbí pàápàá, àwọn tí ń fi ọmọ aládùúgbò ṣe òṣùwọ̀n ọmọ tiwọn. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀nà ìpele méjì ti ṣe bẹ̀rẹ̀, kí a sì wo ewu tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí ewu ń bẹ níbẹ̀.

Ní ọdún 1901, ní ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin méjì gbìmọ̀ pọ̀. Ọ̀kan ni J. Stanley Brown, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà. Èkejì ni William Rainey Harper, olórí Yunifásítì Chicago tí kò jìnnà sí wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń fẹ́ kàwé síwájú ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ fi ìlú wọn sílẹ̀. Wọ́n wá pinnu pé kí irú wọn kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásítì nílé, kí wọ́n tó lọ parí èyí tí ó kù ní yunifásítì gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ìsinsìnyí tí ó bá wọ kíláàsì tí ó bá ọmọ mẹ́fà yóò rò pé ọjọ́ ọjà ni, tàbí pé òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà títí di òní.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí òfin ọdún 1944 ti fún àwọn ọmọ-ogun tí ń padà bọ̀ ní owó ilé-ìwé, irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀. Ní 1947, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman yàn dámọ̀ràn pé kí a dá wọn sílẹ̀ káàkiri lábẹ́ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó bá ọ̀nà yìí mu púpọ̀, nítorí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Gbogbo owó tí ó bá yí ọwọ́ padà ni a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: níbi tí ó ti jáde, àti níbi tí ó wọlé sí. Àwọn oníṣòwò Ítálì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí Luca Pacioli, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, tó tẹ ìlànà náà jáde nínú ìwé ní Venice ní 1494. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n dunjú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kò kéré sí ẹni tí ó fi owó gọbọi kọ́ ọ níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà lónìí, oyè yunifásítì sábà máa ń gba kírẹ́dìtì 120, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kó nǹkan bí 60 jọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò owó wà nínú ìwọ̀nyí. Yíyẹ ìwé owó wò àti àwọn ẹ̀kọ́ tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń di ti yunifásítì.

Níhìn-ín ni ewu wà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a kọ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń gbà lókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti dé yunifásítì, wọ́n sì sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n mú wá kò bá tiwọn mu. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì tún san owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì fi ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n a ka ìwé náà kí ó tó yan ẹ̀kọ́ kankan.

Àwa náà ti tọ́ irú ewu yìí wò ní ilẹ̀ yìí. Ní 1934 ni ìjọba amúnisìn ṣe ìṣílé Yaba Higher College. Dípúlọ́mà ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, kì í ṣe oyè yunifásítì, wọn kò sì kà á sí lẹ́yìn odi. Ẹni tí ó bá jáde, igbákejì lábẹ́ òyìnbó ni yóò máa ṣe. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó, ìbínú yìí sì wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún yẹn kan náà. Lójú tèmi, ẹjọ́ wọn tọ́. Àkàbà tí kò kan òkè, ìdènà ni, bí igi rẹ̀ ti wù kí ó dára tó.

Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ yìí náà ni Akíntọ́lá Williams, tí a bí ní Èkó ní 1919, ti gba dípúlọ́mà nínú ìmọ̀ òwò, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ UAC. Kò jókòó tì í. Ní 1944, nígbà tí ogun ṣì ń jà, ó kọjá sí Ìlú Ọba. Ó gba oyè Yunifásítì London ní 1946, nígbà tí ó sì di 1949 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ojúlówó akáúńtáǹtì. Ní 1952 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ní àkókò tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó gba iwájú nínú iṣẹ́ náà. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn akáúńtáǹtì sílẹ̀ ní 1960 láti máa kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ náà, àti nígbà tí òfin fi ìdí ICAN múlẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó di olóògbé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ẹni ọdún 104.