Lítíréṣọ̀ Gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ Àròkọ: Àyẹ̀wò Ohun-Èlò Tó Wà Nílẹ̀ fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Nínú iṣẹ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, àròkọ ní àyè tirẹ̀, lítíréṣọ̀ náà ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì rí nínú ìwé ìdánwò WAEC àti NECO. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìtàn àròsọ kan tán, á há orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn sórí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó kọ àròkọ aṣàpèjúwe, á jókòó ti bébà, á máa wá gbólóhùn àkọ́kọ́ kiri, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fi Yorùbá ṣàpèjúwe nǹkan rí. Èrò mi ni pé àwọn ìwé lítíréṣọ̀ tó ti wà nílẹ̀ gan-an ni ohun-èlò tó dára jù lọ fún kíkọ́ àròkọ, àti pé bí a ṣe ń lò wọ́n ni kò jẹ́ kí wọ́n wúlò tó.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò mẹ́hẹ. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní ìwé èdè-ìperí Yorùbá ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Irú iṣẹ́ báyìí ló jẹ́ kí olùkọ́ lè fi Yorùbá kọ́ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ní ti lítíréṣọ̀ alohùn, Àwọn Oríkì Orílẹ̀ tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1967 àti Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti Wándé Abímbọ́lá (1968) kì í ṣe ìwé ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá mú ojú-ewé kan péré níbẹ̀ wọ kíláàsì yóò rí àwítúnwí àti ìfọ̀rọ̀dárà tó pọ̀ ju èyí tí ìwé ìlò èdè lè tò kalẹ̀ lọ. Kí ó ka á sókè ni o. Ewì tí etí kò gbọ́ kò tíì di mímọ̀.

Inú ìwé àpilẹ̀kọ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tí ìwé náà dá lé, wá bá, ó ní kí akọ̀wé náà mú gègé, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, "èmi" tó ń sọ̀rọ̀ ti yí padà, àwọn èrò sì ń pé jọ láti wá gbọ́. Ẹ̀kọ́ àròkọ asọ̀tàn ti pé síbẹ̀: ta ní ń sọ ọ́, ta ní ń gbọ́ ọ, kí ni asọ̀tàn mọ̀ tí olùgbọ́ kò mọ̀? Kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ kọ ìtàn iná tó jó ọjà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu ìyá aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ jó, lẹ́ẹ̀kejì láti ọwọ́ ẹni tí ìyá náà ròyìn rẹ̀ fún. Wọn yóò rí i fúnra wọn pé ìtàn kan náà ti di méjì.

Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1969) ń kọ́ni ní ohun mìíràn. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ló wà nídìí rẹ̀, òǹkọ̀wé sì mọ ohun tó yẹ kó fi pamọ́ títí àsìkò rẹ̀ yóò fi tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń tú gbogbo àṣírí ìtàn sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Bákan náà, nínú eré-onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, kò sí asọ̀tàn tó ń sọ fún wa pé òǹrorò ni Ẹfúnṣetán tó jẹ́ Ìyálóde. Àṣẹ tó ń pa fún àwọn ẹrú rẹ̀ àti ohun tó ṣe fún Adétutù, ẹrúbìnrin rẹ̀ tó lóyún, ló fi hàn. Àròkọ onísọ̀rọ̀gbèsì tí a ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ sábà máa ń parí sórí ìkíni. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé èsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ọ̀rọ̀ síwájú.

Èyí tó yà mí lẹ́nu pé a gbàgbé nídìí kíkọ́ lẹ́tà ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá. Lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀, tí Isaac Thomas ń tẹ̀ sínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Karin Barber tún un tẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbésí ayé tí obìnrin náà ń ròyìn mú kó di dandan kí olùkọ́ ṣa ojú-ewé tó bá ọmọdé mu, àmọ́ níbẹ̀ ni wọn yóò ti rí bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà ṣe ń gbé ẹni tí yóò kà á síwájú ara rẹ̀.

Ìdènà wà. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kún fún "aiye", "enia" àti "ọkọnrin", akẹ́kọ̀ọ́ á sì kó wọn lọ sínú ìdánwò. Mo ka èyí sí àǹfààní: kí wọ́n fi àkọtọ́ òde-òní tún ojú-ewé kan kọ, pẹ̀lú àmì ohùn. Ìdènà tó burú jù ni àwọn ìwé pélébé tó ń ṣàkópọ̀ ìtàn pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn. Wọn kò wọ́n, wọ́n yá kà, gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé fi èdè ṣe ni wọ́n sì yọ kúrò. Ọmọ tó ka irú rẹ̀ nìkan kò tíì ka ìwé náà.

Fíìmù sàn ju ìyẹn lọ bí a bá lò ó dáadáa. Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú, ìtàn àròsọ Ìṣọ̀lá ti 1974, di fíìmù ní 1997. Bí kíláàsì bá ti ka orí kan ṣáájú kí wọ́n tó wò ó, wọn yóò lè bi ara wọn pé kí ni kámẹ́rà kò rí tí gbólóhùn rí.

Ohun tí mi ò rí ni àkójọ àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kọ: ẹ̀dà àkọ́kọ́, àtúnṣe olùkọ́, ẹ̀dà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé kan. Inú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo sáà, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá, ní ọmọ ẹgbẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti lè kó o jọ, kí wọ́n bo orúkọ àwọn ọmọ, kí wọ́n sì fi àròkọ aṣàpèjúwe àti lẹ́tà bẹ̀rẹ̀.